Máṣíìnì oko mi ti dàgbà: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra tuntun?

Àgbẹ̀ Òkè-Àgbò (Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀kadà Boxer 100 ni máṣíìnì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ oko, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Òun ló ń kó pákí láti inú oko bọ́ sí ojú títì, òun ló ń gbé ajílẹ̀ wọlé, òun náà la fi ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀nà oko ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó á mọ bí ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ṣe ń rí lẹ́yìn òjò. Òkè kan wà lójú ọ̀nà tèmi, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an ń di igi mú kó tó gùn ún. Òkè yẹn ló mú mi kọ̀wé.

Tẹ́lẹ̀, àpò pákí méjì ni mo ń dè sẹ́yìn, gíá kejì ni mo sì fi ń gun òkè náà. Ní báyìí, bí mo tilẹ̀ lo gíá kìíní, ẹ́ńjìnì á máa ké, máṣíìnì ò ní lọ tó bó ṣe ń ké. Èéfín búlúù ń jáde. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ti rọ̀.

Mẹkáníìkì mi ní ká tú ẹ́ńjìnì, ká bọ́ọ̀ blọ́ọ̀kù (ìyẹn ni pé ká gbẹ́ ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀ fẹ̀ sí i), ká yí písítìnì, kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnì mọ́ gíá), ṣéènì àti ṣọ́ọ̀kù. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n má dáwó lé e mọ́, kí n lọ ra tuntun. Tuntun ti lé ní mílíọ̀nù kan náírà, owó yẹn ò sì sí nílẹ̀. Ìkórè ti ń sún mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ṣágámù (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra tuntun. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi máṣíìnì ná ọ̀nà láti Fálàwò ní Ṣágámù lọ sí ibi tí ọ̀nà Ìbàdàn àti ti Ọrẹ ti pàdé, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ẹ bá ṣe ẹ́ńjìnì lónìí, kabúrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìyẹn waya, lẹ́yìn ìyẹn bẹ́árìnì. Owó tí èèyàn ń ná díẹ̀díẹ̀ kì í hàn sójú. Ìgbà tí ẹ bá fi máa ṣírò rẹ̀, ẹ ti ná ìdajì tuntun, àgbà máṣíìnì náà lẹ ṣì ń gùn.

Mẹkáníìkì Ìpẹru (Ọjọ́ Ajé, 8:02 àárọ̀)

Àgbẹ̀ wa, ẹ kú àárọ̀. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ o. Ohun tí ẹ kọ yìí kò tíì tó ohun tí èèyàn ń tú ẹ́ńjìnì sí.

Ìgbà wo gan-an ni èéfín yẹn ń jáde? Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ sítáàtì, tó sì ń tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, síìlì fáàfù ni mo fura sí, rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lókè ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì ń rọra kán wọlé láti òkè lóru, ẹ́ńjìnì á jó o láàárọ̀, èéfín á tán. Tó bá jẹ́ ríìngì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, ló jẹ, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹná lẹ ó máa rí èéfín, pàápàá tí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ méjèèjì yìí jìnnà síra gan-an, owó wọn náà sì jìnnà síra.

Ẹ́ńjìnì tó ń ké tí máṣíìnì ò lọ, kílọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sórí títì tó tẹ́jú, ẹ wọ gíá kẹrin, kí ẹ wá tẹná lójijì. Tí ohùn bá ga sókè, tí ìyára ò sì yí padà, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. A kì í bọ́ọ̀ blọ́ọ̀kù nítorí kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ tún yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bíi ṣíbí tíì kan sí ihò rẹ̀. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ kíìkì. Tí kíìkì bá wá le sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríìngì ti jẹ lóòótọ́, torí ọ́ìlì yẹn ló dí àlàfo tó wà láàárín ríìngì àti blọ́ọ̀kù. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ fi blọ́ọ̀kù sílẹ̀.

Ẹ ṣe é, kí ẹ padà wá sọ fún wa. Ẹ sì fọ férémù, irin tó gbé gbogbo máṣíìnì ró, dáadáa, mo ní ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ìyá Gààrí Àtàn (Ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ti ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti pákí. Pákí tí wọ́n bá ti hú kò ní sùúrù. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti ń dúdú nínú, èyí tó bá sì ti dúdú kò ṣeé fi ṣe gààrí Ìjẹ̀bú tí àwọn oníbàárà wa mọ̀. Bí máṣíìnì bá kú sínú oko lọ́jọ́ tí wọ́n hú pákí, owó pákí ọjọ́ yẹn ń lọ nìyẹn, owó àwọn obìnrin tó ń bó o náà ń lọ, torí wọ́n ti wá jókòó dè é.

Nítorí náà, bàbá, ẹ má wulẹ̀ máa wo owó tí ẹ máa fi tún un ṣe. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ó máa dúró fún yín títí ìkórè á fi parí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn kan ti ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù. Ó ń kó ohun tó pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ọ̀nà yín gbà á?

Ọmọ Ṣágámù, mo gbọ́ tìẹ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n títì lo ti ń gùn ún. Inú oko yàtọ̀.

Àgbẹ̀ Òkè-Àgbò (Ọjọ́ Ajé, 1:10 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò lè dé oko mi. Odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà, pákó méjì péré la fi ṣe afárá rẹ̀, táyà kan ló ń gba orí pákó. Èrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá Ìpẹru, àárọ̀ nìkan ni èéfín ń jáde lóòótọ́. Mo máa ṣe àwọn ìyókù lálẹ́.

Tọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́ Ajé, 2:25 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, torí léètì, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin, ni iṣẹ́ mi, àwọn èèyàn sì máa ń gbé blọ́ọ̀kù wá bá mi pẹ̀lú ìrètí tí kò lè ṣẹ. Ọ̀pọ̀ rò pé tí wọ́n bá bọ́ọ̀ blọ́ọ̀kù, máṣíìnì á lágbára sí i láti gun òkè. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Fífẹ̀ ihò blọ́ọ̀kù Boxer 100 jẹ́ mìlímítà 53, písítìnì ń rìn mìlímítà 45, ohun tí àyè inú rẹ̀ sì ń gbà jẹ́ sísì 99.27. Písítìnì àgbàkún tí wọ́n ń tà máa ń fi mìlímítà 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Tí ẹ bá bọ́ọ̀ ọ́ dé 1.00 tó kẹ́yìn, mìlímítà 54 ló dà, sísì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 103 lọ. Sísì mẹ́rin yẹn kò ní gbé àpò pákí gun òkè kankan. Bọ́ọ̀ ń dá agbára tó ti sọ nù padà ni, kò lè fún un ní agbára tí kò ní láti ilé iṣẹ́.

Boxer 150 ní tirẹ̀, 56 ni ihò rẹ̀, 58.8 ni ìrìn písítìnì, sísì 144.8. Agbára nìyẹn, ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré lórí òkè.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ gbé blọ́ọ̀kù ńlá lé kránkì kékeré, irin tí písítìnì ń yí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Kránkì náà ò wà fún ìwọ̀n písítìnì yẹn, kílọ́ọ̀ṣì ò wà fún un, kabúrétọ̀ ò sì ní fún un lépo tó tó. Ó máa gbóná, ó máa gbọ̀n, inú oko ló sì máa kú sí.

Afọ̀tamodi (Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìsarà ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí bá tèmi lára mu púpọ̀. Boxer 100 ni tèmi náà, kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kránkì, já nínú rẹ̀ lọ́nà Òde Rẹ́mọ, ó sì fọ́ ilé ẹ́ńjìnì. Férémù mi ò ní àbùkù kankan torí mi ò fi gbé ẹrù rí, èèyàn nìkan ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀ báyìí.

Ẹnì kan ní kí n tà á bíi pàǹtírí, kí n wá ra irú èyí tí wọ́n ń ṣe bíi Honda CG125. Ọdún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé CG125 jáde, ọ̀pá ló ń ti fáàfù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kò ní ṣéènì gígùn tó ń lọ sókè sí orí ẹ́ńjìnì bíi tàwọn mìíràn. Wọ́n ní ìdí tí kì í fi í tètè bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ará Ṣáínà ṣì ń ṣe irú rẹ̀. Kí ni Ọ̀gá Ìpẹru rí sí i?

Mẹkáníìkì Ìpẹru (Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́)

Afọ̀tamodi, òótọ́ ni wọ́n sọ nípa CG, ẹ́ńjìnì tó lè farada ìyà ni. Ṣùgbọ́n tí férémù yín bá dára bẹ́ẹ̀, ẹ má tà á bíi pàǹtírí. Ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Tọ́nà, ẹ ṣeun fún ìṣirò yẹn. Kí n fi ohun tó ń ran òkè lọ́wọ́ lóòótọ́ kún un: síprọ́kẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé. Bí ti iwájú bá ní eyín 14, tí ẹ bá fi eyín 13 rọ́pò rẹ̀, fífà rẹ̀ á pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100, ìyára rẹ̀ lójú títì á sì dín kù ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ọn. Fún ẹni tó ń gun òkè oko, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn má fi ṣéènì tuntun lé síprọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ. Eyín tó ti mú bíi ti ẹja yanyan á jẹ ṣéènì tuntun náà láìpẹ́. Tiwájú, tẹ̀yìn àti ṣéènì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń yí pọ̀.

Ẹ wo ọ́ìlì yín náà. Ọ́ìlì kan náà ló ń rọ ẹ́ńjìnì, òun náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n fi ohun amúǹkanyọ̀ sí, ó dára fún mọ́tò, ó ń mú kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì yọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára ike rẹ̀, àmì pé kò ní mú kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì yọ̀.

Ọ̀rọ̀ férémù tí mo ṣèlérí rèé. Ẹ tú jókòó kúrò, ẹ tú káríà kúrò. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo irin náà títí ẹ ó fi rí ara rẹ̀, torí ẹrẹ̀ oko máa ń bo ohun tó wà lábẹ́. Ọrùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti wọlé, ẹ wò ó yíká. Ibi tí wọ́n ti jó irin tó gbé káríà pọ̀, ẹ wò ó. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí bóòtù gígùn ti gba inú férémù kọjá láti di apá tó gbé táyà ẹ̀yìn mú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí ìlà tíínrín kan tó pọ́n bí ìpẹtà, tó sì ń padà pọ́n lẹ́yìn tí ẹ nù ún, irin ti là níbẹ̀. Kí ẹlòmíràn jókòó sórí rẹ̀ kó máa mì ín. Ìlà náà á ṣí, á sì padé.

Ọmọ Ṣágámù (Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́)

Ọ̀gá, tí ó bá tilẹ̀ là, wẹ́dà á jó o. Àwọn wẹ́dà pọ̀ ní Ṣágámù tí wọ́n ń jó férémù, ó sì ń gbé èrò.

Mẹkáníìkì Ìpẹru (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Àbúrò, mo ń gbọ́. Irin tó gbé káríà, wẹ́dà lè jó o, mi ò bá a jà. Ibi tí apá ẹ̀yìn so mọ́ férémù yàtọ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ìwúwo ẹrù, ìfà ṣéènì àti gbogbo kòtò ọ̀nà ń bá a jà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá jó o, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ni á tún là, torí iná ti sọ irin ibẹ̀ di ohun mìíràn. Tó bá sì yẹ̀ díẹ̀ péré nígbà tí wọ́n ń jó o, táyà ẹ̀yìn kò ní tẹ̀ lé tiwájú mọ́. Lórí pákó méjì tí àgbẹ̀ wa ń gbà yẹn, ta ló fẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa lọ sọ́tọ̀?

Alájẹṣẹ́kù Òde (Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàná, ti owó nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Tí ẹ bá máa ra tuntun, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gbé e fún èèyàn kó máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ yẹn wà fún ẹni tó ń gbé èrò lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ kì í rí owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà ìkórè ló ń rí i. Tí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ lè san púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹgbẹ́ tèmi máa ń gbà bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, bí onídùúró méjì bá wà.

Àgbẹ̀ Òkè-Àgbò (Ọjọ́bọ̀, 7:05 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí Ọ̀gá Ìpẹru ní kí n ṣe, mẹkáníìkì mi náà sì wà níbẹ̀.

Mo da ọ́ìlì sí ihò púlọ́ọ̀gì, kíìkì ò yàtọ̀ rárá. Lórí títì Orù, mo wọ gíá kẹrin, mo tẹná, ohùn lọ sókè, máṣíìnì dúró síbi ìyára tó wà. Kílọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí mẹkáníìkì mi ṣí i, gbogbo awẹ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín. Síìlì fáàfù náà ti le gbandi. Ó gba ọ̀rọ̀ náà pé blọ́ọ̀kù ò nílò bọ́ọ̀. Ìnáwó ẹ́ńjìnì wá kéré débi pé inú mi dùn, mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìgbà tí a fọ férémù ni inú mi bàjẹ́. Ìlà yẹn wà níbẹ̀. Ní apá òsì, níbi tí bóòtù gígùn ti gbà kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí ihò, ó sì ti yí dé ìdajì irin. Ọmọ mi jókòó, ó mì ín, ó ṣí lójú mi débi pé etí èékánná mi wọ inú rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn mi orí. Ọmọ yìí kan náà ni mò ń gbé sẹ́yìn bọ̀ láti ilé ìwé.

Mi ò tún lè gbé ẹrù lórí rẹ̀ mọ́. Mo ti bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sọ̀rọ̀ láàárọ̀, wọ́n ní kí n mú onídùúró wá. Ohun tó kù tí mò ń rò ni pé, ṣé 100 ni kí n tún rà, kí ẹ́ńjìnì tó wà nílẹ̀ yìí lè jẹ́ àpamọ́, àbí 150?

Ìyá Gààrí Àtàn (Ọjọ́bọ̀, 7:31 alẹ́)

Ọlọ́run ló ṣe é o, bàbá. Ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ẹ ra èyí tó máa gun òkè yẹn.

Tọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́bọ̀, 8:00 alẹ́)

150, bàbá. Á jẹ epo ju 100 lọ díẹ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnì tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ gun òkè lójoojúmọ́ kì í pẹ́. Èyí tó ní agbára láti fi pamọ́ ló ń pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé, ẹ má fi gbé àpò méjì lọ́jọ́ kejì o. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rin ibùsọ̀ díẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfún un níná gidi, kí ẹ sì tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, torí ìyẹ̀fun irin tuntun ń bẹ nínú rẹ̀.

Ọmọ Ṣágámù (Ọjọ́bọ̀, 8:12 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Nípa ti wẹ́dà, Ọ̀gá, mo ti gbọ́. Mo máa fọ férémù tèmi náà lọ́la.

Mẹkáníìkì Ìpẹru (Ọjọ́bọ̀, 9:03 alẹ́)

Tọ́nà ti sọ ọ́, 150 ni. Kò sídìí láti ra 100 nítorí ẹ́ńjìnì àpamọ́, torí ẹni tó nílò ẹ́ńjìnì yẹn ń bẹ láàárín wa níbí. Afọ̀tamodi, sùúrù tí mo ní kí ẹ ní rèé. Férémù yín dára, ẹ́ńjìnì yín ti fọ́. Ẹ́ńjìnì àgbẹ̀ wa dára, férémù rẹ̀ ti là. Boxer 100 ni méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí bóòtù ẹ́ńjìnì ti ń wọlé bóyá wọ́n bára mu, torí wọ́n ti ṣe é ní oríṣiríṣi.

Ẹ má sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìwé o. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lórí pépà máṣíìnì. Kí àgbẹ̀ wa kọ ìwé ìtà, kó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sí i, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí Afọ̀tamodi sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí i padà. Ọlọ́pàá tó bá dá yín dúró lójú ọ̀nà lè wo nọ́ńbà yẹn.

Afọ̀tamodi (Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́)

Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ẹ kú làákàyè. Bàbá Òkè-Àgbò, tí ẹ bá fẹ́ tà á lóòótọ́, mo ṣe tán. Màá gba kílọ́ọ̀ṣì àti síìlì tuntun náà lọ́wọ́ yín ní iye tí ẹ bá rà wọ́n, kí ẹ má pàdánù.

Àgbẹ̀ Òkè-Àgbò (Ọjọ́ Ẹtì, 6:15 àárọ̀)

Àbúrò mi, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ á wúlò fún mi láti fi kún ti alájẹṣẹ́kù. Mi ò tíì ra kílọ́ọ̀ṣì náà, torí náà ẹ ò jẹ mí ní ti ìyẹn, síìlì nìkan ni mẹkáníìkì ti fi sí i. Ẹ wá wò ó ní Sátidé, ilé wa ò jìnnà sí ọjà. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì rẹ̀ hàn ketekete, màá ti kọ ìwé sílẹ̀.

Afọ̀tamodi (Ọjọ́ Ẹtì, 6:50 àárọ̀)

Mò ń bọ̀ ní Sátidé láàárọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí mẹkáníìkì má tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára férémù kí n tó dé. Mo fẹ́ sítáàtì rẹ̀ láti tútù, kí n fetí sí kránkì.